Àrokò Tí Onílé Ń Pa sí Ayálégbé

Ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, arómi-sá-lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ, níbi tí onílé àti ayálégbé ti ń fa omi nínú kànga kan náà, tí wọ́n sì ń kí ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sí ohun tí í tètè sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá bí ọjọ́ tí onílé bá ní òun fẹ́ gba yàrá òun. Ọ̀rọ̀ tí ì bá ti ẹnu pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ a máa ti orí èébú bẹ̀rẹ̀. Láti orí èébú a bọ́ sí orí àgádágodo tuntun tí a fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó lọ sí ibi iṣẹ́. Láti ibẹ̀ a sì bọ́ sí orí páànù tí káfíńtà ká kúrò lórí ilé nígbà tí òjò ń rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ti wí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ pàtàkì láti sọ fún ẹni tí kò sí nítòsí a máa pa àrokò ránṣẹ́ sí i. Àrokò ní òfin tirẹ̀: ó gbọ́dọ̀ yé ẹni tí a pa á sí, ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀, ìránṣẹ́ tí ó mú un lọ sì gbọ́dọ̀ padà wá jẹ́ iṣẹ́ pé ó dé. Lójú tiwa, kúìtì, ìwé tí onílé fi ń sọ fún ayálégbé pé kí ó kó jáde, kò ju àrokò lọ, ohun mẹ́ta yìí náà sì ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo irú èyí tí ó wọ́pọ̀. Onílé ya ewé kan nínú ìwé ọmọ ilé ìwé, ó sì kọ ọ́ sí i pé, "Mo fún ọ ní kúìtì, kó jáde kí oṣù yìí tó parí." Kò kọ orúkọ ayálégbé, kò dárúkọ yàrá, kò kọ déètì. Ní ìdájí ó tì í sí abẹ́ ilẹ̀kùn, ìyàwó ilé sì gbá a mọ́ ìdọ̀tí nígbà tí ó ń gbálẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹjọ́ bá dé iwájú májísíréètì, tí wọ́n bi onílé yìí pé ọjọ́ wo ni ó fún un, ta ni ó gbà á, ta ni ó rí i, òkè àjà ni yóò máa wò.

Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lórí ilé yíyá ní 2011, èyí tí ó yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, la ọ̀nà tí ó yẹ kí kúìtì gbà yékéyéké. Bí àdéhùn tí tọ̀tún-tòsì ṣe bá ti sọ iye ọjọ́ tí kúìtì yóò jẹ́, àdéhùn náà ni a ó tẹ̀lé. Bí kò bá sọ ọ́, ẹni tí ń san owó ilé lóṣooṣù ní ẹ̀tọ́ sí kúìtì oṣù 1, ẹni tí ń san án ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ní ẹ̀tọ́ sí oṣù 3, ẹni tí ń san án lọ́dọọdún sì ní ẹ̀tọ́ sí oṣù 6. Ọwọ́ ayálégbé fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ìwé náà dé, tàbí ọwọ́ àgbàlagbà kan tí ń gbé inú ilé náà. Bí a kò bá rí i, a lè fi kọ́ríà rán an, kí kọ́ríà sì mú ẹ̀rí wá pé òun jíṣẹ́. A sì lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú ti lè tètè rí i lára ilé, bí ẹ̀rí bá wà pé a lẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ńtì ni onílé rán, kí ó kọ ìwé àṣẹ fún un. Nígbà tí ọjọ́ kúìtì bá pé tí ayálégbé kò sì kó jáde, onílé yóò tún fún un ní ìwé ọlọ́jọ́ méje pé òun ń lọ sí kóòtù, nítorí kóòtù nìkan ni ó lè pàṣẹ pé kí a lé e. Ẹni tí ó bá fi tipátipá lé ayálégbé, tàbí tí ó bá tú ilé palẹ̀ kí ayálégbé lè sá jáde, lè san owó ìtanràn tí ó tó ₦250,000, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí ó tó oṣù 6.

Onílé yóò ní, ta ni yóò dúró de gbogbo èyí, nígbà tí ẹni tí ó jẹ òun ní owó ọdún kan tún ń fi lọ́yà dẹ́rù ba òun? A gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn náà, nítorí àwọn ayálégbé kan wà tí kò sí iṣẹ́ méjì tí wọ́n ń ṣe ju pé kí wọ́n máa wá àléébù sínú kúìtì lọ. Ní 2021, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà bá irú wọn wí, ó ní ẹni tí kò san owó ilé kò lè máa fi àléébù inú kúìtì ṣe odi ààbò títí láé. Onílé jàre. Ṣùgbọ́n kí àwọn tí ń yọ̀ sí ìdájọ́ yìí rántí pé ẹjọ́ náà gbà ju ogún ọdún lọ kí ó tó parí. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Oṣù mẹ́fà tí ènìyàn kò ní sùúrù láti kà lè di ogún ọdún mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ayálégbé náà ní ẹrù tirẹ̀ láti rù. Ẹni tí a bá fún ní kúìtì, kí ó gbà á, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó máa san owó ilé tí ó ń gbé, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn láti ọjọ́ náà, nítorí bí ó ti wù kí ènìyàn pẹ́ níbẹ̀ tó, ilé onílé ni. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ta kókó, ọ́fíìsì ìlàjà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ń bẹ, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mú ẹjọ́ wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé, ẹ kọ kúìtì yín ní ẹ̀dà méjì, kí orúkọ ayálégbé, yàrá rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò kó jáde hàn gbangba níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan lé e lọ́wọ́ ní ojúmọmọ, níṣojú ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì gba ìfọwọ́sí rẹ̀ sí èkejì, kí ẹ fi í pamọ́ mọ́ ìwé ilẹ̀ yín. Ní ti káfíńtà, ẹ jẹ́ kí ó máa kan òrùlé lọ.