Owó Tí A Ti Ná

Bí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ yàrá ìyá yín àgbà, tí ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti wo ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí agolo kan tàbí àpò kékeré kan níbẹ̀ tí owó irin tí ọjà kò gbà mọ́ wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti di dúdú. Àwọn mìíràn ti jẹ bí òkúta etí odò, tí ojú kò fi rí orí ọba tí ó wà lára wọn mọ́. Nígbà tí a bá ń palẹ̀ ilé mọ́, ààtàn ni a sábà máa ń da irú agolo bẹ́ẹ̀ sí. Èrò tèmi ni pé àdánù ni, àdánù tí kò sì ní àtúnṣe.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń kó owó àtijọ́ jọ gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀ṣọ́. Èyí tí ọwọ́ kò kàn láti ọjọ́ tí a ti rọ ọ́ ni wọ́n ń wá kiri, owó gọbọi ni wọ́n sì ń fi rà á. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n owó tí kò dé ọjà rí, kí ni ó lè sọ fún wa ju ohun tí alágbẹ̀dẹ rẹ̀ kọ sí i lára lọ? Owó tí a ti ná ni mo fẹ́ràn jù, àní èyí tí ó ti gba ọwọ́ alákàrà, ọwọ́ onífùfú àti ọwọ́ awakọ̀ kọjá, tí gbogbo wọn sì ti bù díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú kọ́bọ̀ oníhò wò. Kí náírà tó dé, kọ́bọ̀ ni àwọn baba wa ń pe pẹ́nì àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó owó Nàìjíríà, Gold Coast tí ó di Gánà, Sàró àti Gáḿbíà. Owó kan náà ni ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ná, tí ó fi jẹ́ pé kọ́bọ̀ tí ẹ bá rí ní Ìbàdàn lè ti ra ẹja ní Accra rí. Onínì mẹ́wàá ni kọ́bọ̀ kan, ẹ́pìnnì méjì ni kọ́bọ̀ kan. Kọ́bọ̀ mẹ́ta ni tọ́rọ́, mẹ́fà ni sísì, méjìlá sì ni ṣílè. Onínì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ ní ihò láàárín, a sì lè fi okùn sín wọn bí àwọn baba ńlá wa ti ń sín owó ẹyọ ní ogójì ogójì.

Bí ẹ bá rí èyí tí a kọ ọdún 1936 sí, ẹ fara balẹ̀ ka orúkọ tí ó wà lára rẹ̀. Ó lè jẹ́ orúkọ Ọba Edward Kẹjọ. Ọba yìí kò lo ọdún kan tán lórí ìtẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni ó fi adé sílẹ̀ nítorí obìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya. Ó ti lọ kí a tó ná owó kankan tí ó ní orí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n àwọn owó oníhò tiwa kò ní orí ọba, orúkọ lásán ni a ń kọ yí ihò náà ká, nítorí náà wọ́n ti jáde kí ó tó kúrò lórí oyè. Báyìí ni ìyá alákàrà ìlú wa ṣe ná owó ọba tí àwọn ará ìlú ọba náà fúnra wọn kò rí ná! Kò sì ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni a rọ.

Ẹ fi ẹ́pìnnì ọdún 1947 wé ti ọdún 1949. Ẹ ó rí i pé lẹ́tà díẹ̀ ti kúrò lára ti ìkẹyìn, àwọn lẹ́tà IND: IMP: tí ó ń pe ọba Gẹ̀ẹ́sì ní olú-ọba ilẹ̀ Íńdíà. Íńdíà ti gba òmìnira ní 1947, ìròyìn náà sì dé ọjà wa lára ẹ́pìnnì. Bákan náà ni ṣílè: fàdákà ni a fi rọ ti ọdún 1913, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918 fàdákà gbówó lórí, láti ọdún 1920 ni a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ṣílè.

Ọdún 1959, tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni a rọ owó tí ó jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan. Òwú wà lára tọ́rọ́, kòkó wà lára sísì, ọ̀pẹ wà lára ṣílè, ẹ̀pà sì wà lára ṣílè méjì. Tọ́rọ́ náà ní igun méjìlá, ọwọ́ lè dá a mọ̀ nínú òkùnkùn. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, a gbé kòkó sí ara kọ́bọ̀ márùn-ún, ọ̀pẹ sí ara kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ẹ̀pà sí ara kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kànga epo rọ̀bì ńkọ́? Kọ́bọ̀ kan péré ni a fún un. Èmi a máa rẹ́rìn-ín nígbàkúùgbà tí mo bá rántí èyí, nítorí ẹ̀yin náà mọ ohun tí epo ti fi ojú kòkó àti ẹ̀pà rí láti ìgbà náà. Àwọn ìyá wa kò tilẹ̀ yí ohùn padà: sísì ni wọ́n ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún, ṣílè ni wọ́n sì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá.

Lónìí, bí ẹ tilẹ̀ mú owó irin náírà kan tàbí náírà méjì tí a gbé jáde ní 2007 lọ sí ọjà, oníṣòwò yóò kàn wò yín lójú ni. Ṣénjì tí ó yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ àkójọ yín kò sí nínú àpò mọ́. Inú ilé ni ó kù, lọ́wọ́ àwọn àgbà, àwọn àgbà náà sì ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé ẹni tí ó bá ní kọ́bọ̀ àtijọ́ yóò tà á ní ọ̀kẹ́ àìmọye náírà. Ẹ má ṣe gbà á gbọ́, ẹ má sì fi owó ilé-ìwé yín ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn owó wọ̀nyí kò tó nǹkan lójú ẹni tí ń rà wọ́n. Ẹ má ṣe mú un nínú àpótí ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́. Ìyà èyí jẹ mí.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí mo rí agolo ìyá tí ó bí ìyá mi. Owó mẹ́tàlélógún ni ó wà nínú rẹ̀. Mo bu iyanrìn, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo sì fi bo kọ́bọ̀ 1936 kan títí ó fi ń dán yinrin. Mo gbé e lọ fún un kí ó lè yìn mí.

“Àkànní, ta ni ó rán ọ ní iṣẹ́ yìí?”

“Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. Mo fẹ́ kí ó mọ́ ni.”

“Ó mọ́ tẹ́lẹ̀. Epo ọwọ́ ìyá mi ni o rí tí o pè ní ìdọ̀tí.”

Elépo ni ìyá rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú owó náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Sísì kan ni ó ṣẹ́kù ní etí aṣọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òṣogbo. Ṣílè kan tí a lu ihò sí létí ti wà ní ọrùn ọmọ rẹ̀ kan tí kò dàgbà. Ó sọ ìtàn owó mẹ́fà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì pè mí láti ìta pé kí n wá gbá bọ́ọ̀lù. Mo ní kí ó di ọjọ́ mìíràn. Ọdún kejì tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni ó kú, n kò sì tíì padà sórí ọ̀rọ̀ náà.

Agolo náà wà lọ́dọ̀ mi. Mo fi owó mẹ́fà sínú àpò ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí tirẹ̀, mo sì kọ ọ̀rọ̀ tí ó sọ sí ẹ̀yìn wọn. Mẹ́tàdínlógún ni ó kù, kọ́bọ̀ tí mo fọ̀ sì wà lára wọn. Ọdún tí a rọ wọ́n nìkan ni mo rí kọ sí ara tiwọn. Lára méjì, ọdún náà pàápàá ti parẹ́.