Ẹ Jẹ́ Ká Yé Fi Ẹni Tó Béèrè Rẹ́rìn-ín

Mo mọ̀ pé àkókò ìsinmi ò gùn, torí náà màá lọ tààrà sídìí ọ̀rọ̀. Nínú ilé-ìwé wa yìí, a máa ń fi ẹni tó bá béèrè ohun tí kò yé e ṣe yẹ̀yẹ́, ìwà yìí sì ń pa wá lára ju bí a ṣe rò lọ. Mi ò sọ ọ́ bí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ o. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé èmi ni mò ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ wà ní JSS3 lọ́dún tó kọjá á rántí. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n ti ilé-ìwé pa ní oṣù kẹta 2020 nítorí àrùn kòrónà. A wà nínú kíláàsì Basic Technology. Ọ̀kan nínú wa nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà kan ṣoṣo ṣe lè dá dánfó tó kún fún èrò dúró?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé o ò gbọ́ bíréèkì rí ni?" Kí olùkọ́ wa tó ráyè dáhùn, agogo ti lù. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń pe ẹni yìí ní Ọ̀gbẹ́ni Bíréèkì. A ti dé SS1 báyìí, àmọ́ mi ò tíì rí i kó nawọ́ sókè mọ́. Ẹ ṣọ́ ọ, ẹ ó rí i pé òótọ́ ni mò ń sọ.

Nígbà tí kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó níbí ní 30 oṣù kẹta, àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti wà nínú ilé ní tiwọn, torí pé 23 oṣù náà ni ìjọba ibẹ̀ ti ní kí oníkálukú jókòó sílé. Bàbá Kékeré là ń pè wọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pè wá lórí fídíò, mo rí i pé inú ilé mọ́tò wọn ni wọ́n wà, ọwọ́ wọn dúdú fún gírísì. Irin gbọọrọ gbọọrọ wà lẹ́yìn wọn, ó ní táyà mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò ní ilẹ̀kùn, kò ní òrùlé. Mo ní, "Bàbá Kékeré, ṣé ẹ ti di mẹkáníìkì ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ń to mọ́tò ni.

Irú mọ́tò yẹn ni wọ́n ń pè ní kit car. Wọn ò tà á ní odindi. Ẹ̀yà ẹ̀yà ni èèyàn ń rà á, tí yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó nílé. Àṣà yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Colin Chapman, ẹni tó dá Lotus sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1948 nípa sísọ ògbólógbòó Austin Seven di mọ́tò eré ìje. Ní 1957, Lotus gbé ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní Seven. Ẹni tó bá rà á ní odindi á san owó orí tó pọ̀, àmọ́ ẹni tó bá rà á ní ẹ̀yà ẹ̀yà kò ní san án. Wàyí o, òfin ní wọn ò gbọdọ̀ fi ìwé ìtọ́ni bí a ṣe ń tò ó sínú ẹrù náà. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí wọ́n dá: wọ́n kọ ìwé bí a ṣe ń tú mọ́tò náà palẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tò ó á kàn máa ka ìwé náà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú! Nígbà tó di 1973, Caterham gba iṣẹ́ ọkọ̀ Seven lọ́wọ́ Lotus, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní.

Ti Bàbá Kékeré kò tó ti Caterham. Ní 1996, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ron Champion kọ ìwé kan tó fi kọ́ èèyàn bí a ṣe ń fi ẹ́ńjìnì àti ẹ̀yà ara ògbólógbòó Ford Escort to mọ́tò tó jọ Seven. Àkọlé ìwé náà sọ pé 250 pọ́n-ùn lè tó o. Bàbá Kékeré ní kí n má gba ìyẹn gbọ́ jàre, torí owó tí àwọn ti ná ti ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, mọ́tò ò sì tíì rìn.

Àmọ́ kì í ṣe mọ́tò yẹn gan-an ló jọ mí lójú, bí kò ṣe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Èèyàn mẹ́fà ni wọ́n, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé, oníkálukú ń to tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè jáde lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì, torí náà gbogbo alẹ́ Sátidé ni wọ́n ń pàdé lórí fídíò. Bàbá Kékeré jẹ́ kí n jókòó tì wọ́n lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé wọ́n á máa fi ohun tí wọ́n ti ṣe yangàn. Rárá o! Ohun tí oníkálukú bà jẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ. Ọ̀kan ní òun gé wáyà iná ẹ̀yìn, ó kúrú jù. Bàbá Kékeré alára ní àwọn lu ihò síbi tí kò yẹ, àwọn sì ní láti wá páànù bò ó. Àwọn yòókù á sọ bí wọ́n ṣe bọ́ nínú irú ẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ẹni tó bà á jẹ́ ló ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹnìkan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń gbé ilé. Iṣẹ́ bíréèkì ló kàn án. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi rèé: òróró ló wà nínú páìpù bíréèkì. Òróró kì í fún pọ̀, bí ẹsẹ̀ bá tì í níhìn-ín, ó gbọ́dọ̀ ti nǹkan lọ́hùn-ún. Ihò tó wà nídìí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà kéré, èyí tó wà nídìí táyà fẹ̀ jù ú lọ, torí náà agbára díẹ̀ níhìn-ín á di agbára ńlá níbẹ̀. Òfin Pascal nìyẹn. Ọ̀pọ̀ mọ́tò sì tún ní ohun èlò mìíràn tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ máa ń fún pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú páìpù náà, dẹ́rẹ́bà á tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ á rì wọlé bí ẹni tẹ tìmùtìmù, mọ́tò ò sì ní dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ lé gbogbo afẹ́fẹ́ jáde.

Èèyàn méjì ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹnìkan á máa tẹ bíréèkì nínú mọ́tò, ẹnì kejì á wà nídìí táyà, á máa tú ìdérí kékeré kan, á sì máa dé e padà. Ta ló máa wá tẹ bíréèkì fún ẹni tó ń dá gbé nígbà kónílé-ó-gbélé? Wọ́n ní kó fi rọ́bà tí a lè rí inú rẹ̀ há ẹnu ìdérí náà, kó ti ẹnu rọ́bà kejì bọ inú òróró bíréèkì tó wà nínú ìgò, kí afẹ́fẹ́ má bàa padà wọlé. Ó gbé fóònù ẹ̀ sílẹ̀ nídìí táyà tó jìnnà jù, ó kọjú ẹ̀ sí ìgò náà, ó wọ inú mọ́tò lọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn márùn-ún yòókù, oníkálukú nílé ẹ̀, ń bá a wo ìgò. "Ó ṣì ń hó." "Tún tẹ̀ ẹ́." "Ó ku díẹ̀." "Kò hó mọ́, lọ dé e!" Wọ́n sì ń rán an létí pé kó máa bu òróró kún agolo rẹ̀ lókè. Bí wọ́n ṣe ṣe táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo bi Bàbá Kékeré pé kí ló dé tí ọkùnrin náà fi máa ń béèrè ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kódà láàárín ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní, "Ó mọ ìdáhùn púpọ̀ nínú ẹ̀. Ẹni tó máa dá a lóhùn ló ń wá." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Orúkọ tí mo fún akẹẹgbẹ́ wa sọ sí mi lọ́kàn. Ìbéèrè tí àwọn àgbàlagbà mẹ́fà fi odindi alẹ́ kan ṣiṣẹ́ lé lórí, òun náà ni ọmọ JSS3 kan béèrè, tí a fi pa á lẹ́nu mọ́.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tó kan èmi náà. Jẹnẹrétọ̀ ilé wa, irú kékeré tí gbogbo èèyàn ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí bàbá mi sùn lọ́sàn-án, mo tú kàbúrétọ̀ ẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo tò ó padà. Ó dún díẹ̀, ó sì kú. Mo tún fà á, ó tún kú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́, ẹja màmá mi sì ń yọ́ nínú fírísà. Ẹ̀rù ẹ̀rín àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń bà mí ju ẹ̀rù bàbá mi lọ. Ìgbẹ̀yìn ni mo sọ fún Bàbá Kékeré. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó o parí sí, máa sọ ọ́ padà sẹ́yìn fún mi." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo rántí pépà dúdú kan tó wà láàárín kàbúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnì. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo sì ti dà á nù! Gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí ẹ́ńjìnì fi ń kú. Mẹkáníìkì tó ń gbé nínú ọgbà wa gé òmíràn fún mi, jẹnẹrétọ̀ sì ṣiṣẹ́. Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní ni, ẹja ò ní bàjẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní nǹkan àwọn òyìnbó tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ni kíkó mọ́tò jọ. Ẹ lọ bi àwọn bàbá wa àgbà. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot ní Kaduna láti inú ẹ̀yà tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, ọdún kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to tiwọn ní Èkó níbí. Àwọn olùkọ́ wa lè sọ pé bí gbogbo èèyàn bá ń béèrè, síléébù ò ní parí. Òótọ́ wà níbẹ̀ o. Àmọ́ síléébù tó parí láìyé wa, ṣé ó parí lóòótọ́? Ẹlòmíràn á ní a ò gbọdọ̀ máa yin àṣìṣe. Èmi náà gbà. Àwọn tí mò ń sọ yìí pàápàá, bí wọ́n bá to mọ́tò wọn tán, wọn ò lè gbé e jáde sójú títì àfi bí olùyẹ̀wò ìjọba bá yẹ iná ẹ̀, bíréèkì ẹ̀ àti gbogbo ara ẹ̀ wò nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní IVA. Bíréèkì kì í ṣe nǹkan eré. Ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ kí èèyàn jẹ́wọ́ ohun tí kò yé e kó tó dé ọ̀dọ̀ olùyẹ̀wò. Àwa náà ní olùyẹ̀wò tiwa, WAEC ni.

Àbá mi kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, kí Ẹgbẹ́ Oníròyìn fi igun kan sílẹ̀ lórí pátákó yìí, ká pè é ní "Mo Bà Á Jẹ́". Ẹni tó bá ṣi ìṣirò ṣe, tàbí tó ba nǹkan jẹ́ ní láàbù, kó kọ ọ́ síbẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó kọ ìdáhùn sábẹ́ ẹ̀. Èmi ni màá kọ́kọ́ kọ ti gásíkẹ́ẹ̀tì. Èkejì, jẹnẹrétọ̀ tó ti kú tó wà lẹ́yìn sítọ́ọ̀ ilé-ìwé wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tú u lábẹ́ ojú yín lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀, ká sì tò ó padà. Bí kò bá tiẹ̀ ṣiṣẹ́, a ó ti mọ ohun tó wà níkùn ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ìwọ tí mo sọ ní Ọ̀gbẹ́ni Bíréèkì, jọ̀ọ́, má bínú. Ojú gbogbo kíláàsì ni mo ti fi ọ́ ṣẹ̀sín, ojú gbogbo ilé-ìwé ni mo ti ń bẹ̀ ọ́ yìí. Ìbéèrè rẹ ló dára jù ní táàmù yẹn. Mi ò ní pè ọ́ lórúkọ yẹn mọ́, mo sì bẹ gbogbo ẹni tó kọ́ ọ lẹ́nu mi pé kí wọ́n jáwọ́.

Ìdáhùn rẹ wà lókè yìí. Àmọ́ nǹkan kan wà tí kò tíì yé èmi náà: kí ló dé tó fi jẹ́ pé nídìí táyà tó jìnnà jù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé afẹ́fẹ́ jáde? Mo ti nawọ́ sókè o. Ta ló mọ̀ ọ́n?