Ọmú Tí Ó Yọ Ní Abíyá

Ohun tí àwọn obìnrin máa ń fi aṣọ bò ni a gbé wá lónìí: kókó rírọ̀ tí ó máa ń yọ ní abíyá, tí ó ń wú bí nǹkan oṣù bá ń bọ̀, tí ó sì ń ro ìyá ìkókó nígbà tí omi ọmú bá dé.

Àwọn kan a ní àìsàn àfiṣe ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmú ni. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, ìlà méjì ni ọmú ń tọ̀, láti abíyá títí dé ibi tí itan ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ìlà yìí a pòórá, a ku ti àyà nìkan. Lára àwọn ẹlòmíràn, díẹ̀ a ṣẹ́kù sí abíyá.

Ìyá ìkókó, má ṣe fún un, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ là á. Fi aṣọ tútù lé e, kí o sì máa fún ọmọ lọ́mú. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ó sábà máa ń lọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kókó abíyá ni ọmú. Àrùn Buruli, tí ilé ìwòsàn rẹ̀ wà ní Pobè nítòsí wa, ti kọ́ wa pé kókó tí kò dunni lè di egbò ńlá. Jẹjẹrẹ sì lè mú ọmú abíyá bí ó ti ń mú ti àyà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí dókítà fi ọwọ́ kàn án, kí ó sì fi ẹ̀rọ tí a fi ń wo oyún wò ó.

Ẹni tí kò ni lára kò nílò iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí ó ń ro, tàbí tí ó ń dí lọ́wọ́, lè ṣe é lẹ́yìn tí ó bá já ọmọ lẹ́nu ọmú. A óò kùn ún lóorun, a óò là á ní ibi tí awọ abíyá ti ṣẹ́po, kí àpá lè fara pamọ́, a ó sì yẹ ohun tí a yọ wò. Omi lè gbá jọ síbẹ̀, apá sì lè kú tipiri fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmú àyà kò pàdánù wàrà rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọmọbìnrin, sọ fún ìyá rẹ. Ìyá, má ṣe bá a wí. Bá a lọ.