Ta Ló Ní Ọ̀rọ̀ Kọ̀ǹpútà Kò Kan Àwa Ọmọ Yorùbá?

Wọ́n ti bi wá títí ó fi sú wa: "Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, kí ló kàn yín nínú èdè kọ̀ǹpútà?" Ẹ jẹ́ ká dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ló kàn wá, iṣẹ́ ìtumọ̀ sì wà níbẹ̀.

Ẹ wo Curry, èdè kọ̀ǹpútà tó gbà kí ìṣirò kan ní ju ìdáhùn kan lọ. Bí a bá kọ "0 ? 1", ó lè jẹ́ 0, ó sì lè jẹ́ 1. Ní 2011, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Kiel ní Jámánì ṣàlàyé KiCS2, ògbufọ̀ tó ń tú Curry sí Haskell. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pe Haskell, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ọlọ́gbọ́n ni: kì í gbé ìkòkò kaná àfi bí ẹni tó fẹ́ jẹun bá dé.

Ibo ni wàhálà wà? Ká ní a fẹ́ ṣe x + x, tí x sì jẹ́ "0 ? 1". Ìdáhùn Curry ni 0 tàbí 2. Ògbufọ̀ tó bá tú x kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yóò mú 1 wọlé: x àkọ́kọ́ mú 0, èkejì mú 1. Irọ́ nìyẹn. Bó bá sì ní òun yóò kọ́kọ́ wá gbogbo ìdáhùn x ná, ó ti ba ọgbọ́n ọ̀lẹ jẹ́. Bí ìṣirò x kò bá lópin, ibẹ̀ ni yóò há sí, bí a kò tilẹ̀ nílò x. Ohun tí KiCS2 ṣe ni pé ó fún yíyàn kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀. Ibikíbi tí àmì kan náà bá ti yọjú, ohun kan náà la ó yàn.

Ṣé ẹ ti gbàgbé gírámà wa ni? "Adé sọ pé òun rí owó": Adé ló rí i. "Adé sọ pé ó rí owó": ẹlòmíràn ni. "Òun" ni àmì ìdánimọ̀ yẹn! Ẹni tó bá tú méjèèjì sí "he" lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí kò fi nǹkan kan kún un, ti da ẹni méjì pọ̀.

A kò ní ká pa òwe àti oríkì tì. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó mọ ìyàtọ̀ "òun" àti "ó" ti ní ojú tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ẹ fún wa ní kóòsì kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì yé sọ pé a ti ṣìnà.