Ẹni Tó Ní Òun Yóò Dáṣọ fún Onígbèsè



Ní ibi ìyangàrí kan nítòsí Lálúpọn, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú, ìyá àgbàlagbà kan na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní, “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbí.” Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé gbèsè ń dà á láàmú, pé àwọn yóò bá a san gbogbo rẹ̀ kíákíá, kí ó ṣáà kọ́kọ́ fi 5,000 náírà owó fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ìyá kò mọ wọ́n rí, kò sì ránni sí wọn. Lóòótọ́ ni ó jẹ gbèsè: ó yáwó lórí fóònù láti fi ra ẹ̀gẹ́, owó gàrí sì já lulẹ̀ kí ó tó tà. 5,000 náírà wà ní etí ìró rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Owó igi ìdáná ni.

Irú àtẹ̀jíṣẹ́ báyìí kì í ṣe àjèjì mọ́ ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Akínyẹlé dé Ọ̀nà Àrà. Ẹni tí ọjọ́ ìsanwó ti kọjá lórí rẹ̀, tí kò rí oorun sùn mọ́, ni wọ́n ń wá. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Bí a bá gbé áàpù ayánilówó sórí fóònù, tí a sì tẹ ibi tí a ti ń gbà láìka ohun tó wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí a ti fún un láyè láti ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí ilé ìfowópamọ́ ń fi ránṣẹ́ sí wa. Ẹni tó bá rí i pé owó tó ń jáde ju èyí tó ń wọlé lọ ti mọ ọjọ́ tí ọwọ́ wa yóò gbẹ. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Google ti ka wíwo àwòrán àti orúkọ àwọn ènìyàn inú fóònù léèwọ̀ fún àwọn áàpù ayánilówó tó wà lórí Play Store. Ṣùgbọ́n áàpù tí a bá gbà láti ọwọ́ ẹni tó fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò sí lábẹ́ èèwọ̀ yẹn.

Ìtìjú gbèsè kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ ṣe. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó ṣàlàyé iṣẹ́ ológò, ẹni tí wọ́n máa ń rán láti lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀. Ológò a máa bú u, a máa tẹ̀ lé e kiri, a sì máa pa adìẹ tó bá rí nínú agbo ilé jẹ, títí tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi sú gbogbo ará ilé, tí wọn yóò sì wá owó náà san. Ológò ìgbà náà kò kọjá agbo ilé kan. Ti òde òní ń ránṣẹ́ sí àna wa, ó ń ránṣẹ́ sí pásítọ̀ àti lémọ́ọ̀mù wa. Nígbà tí ìtìjú bá ti mú wa tán ni ẹlòmíràn yóò wá yọjú, tí yóò ní olùrànlọ́wọ́ ni òun.

Ẹni tó ní òun yóò dáṣọ fún wa, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ẹnì kan jẹ 40,000 náírà. Olùrànlọ́wọ́ yìí yá a ní 50,000, ó yọ 10,000 owó iṣẹ́ níbẹ̀, ó sì fi 40,000 tó kù san gbèsè àkọ́kọ́. Onígbèsè kò fi ọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ gbèsè rẹ̀ ti di 50,000, èlé kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, àwọn iléeṣẹ́ kan ń fún onígbèsè ní ìmọ̀ràn, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n bá darí rẹ̀ sí. Àjọ FCA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìṣúná níbẹ̀ rí i pé ibi tí owó ti ń wọlé ni ìmọ̀ràn náà lè máa tẹ̀ sí. Ní ọdún 2023, wọ́n fòfin de gbígba irú owó bẹ́ẹ̀.

Òfin kò ṣàìsí níhìn-ín náà. Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa fi nọ́ńbà wa polówó ọjà fún wa. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń fi orúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ hàn lórí ìkànnì rẹ̀. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ sá fún un. Bí ẹ bá sì kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442, ìpolówó tó ń gba ọ̀nà iléeṣẹ́ fóònù wọlé yóò dáwọ́ dúró. Kò lè dí ẹni tó ń fi nọ́ńbà ara rẹ̀ pè, nítorí náà ẹ pa àtẹ̀jíṣẹ́ irú wọn mọ́ fún ẹ̀rí, kí ẹ sì dí nọ́ńbà náà pa. Ẹ má ṣe sanwó kankan ṣáájú ìrànlọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí a kọ́kọ́ sọ gbèsè wa fún ẹni tiwa. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Ẹni tó lọ bá olówó rẹ̀, tó sọ iye tí agbára rẹ̀ ká, kò tíì bẹ́ igi náà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a jọ ń dá owó mọ oko wa, ó mọ ilé wa. Àwọn ọmọ wa tó ti dàgbà náà yẹ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu wa kí wọ́n tó gbọ́ lórí fóònù. Ìtìjú tí a ti fi ẹnu ara wa sọ nílé kò ṣeé tà fún wa mọ́.

Ìyá Lálúpọn kò fi owó náà ránṣẹ́. Ó ra igi ìdáná rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún àkọ́bí rẹ̀, wọ́n sì jọ pe àwọn tó yá a lówó. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn, wọ́n fẹnu kò sí iye tí yóò máa san ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Gbèsè náà kò tíì tán, ṣùgbọ́n kò bímọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.