Ìbọn Ọdẹ Lẹ́bàá Títì

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí a bá ti ń sun igbó ní agbègbè Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, ọ̀yà a máa sá gba ojú títì kọjá, ọdẹ a sì máa dè é níbẹ̀. Bí ọta bá tàsé ọ̀yà, ta ni yóò bá? Ó lè jẹ́ ọlọ́kadà. Ó lè jẹ́ ọmọ ilé-ìwé.

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 fi dandan lé gbígba ìwé-àṣẹ, ìbáà ṣe ìbọn ṣakabùlà. Òfin Ìwà Ọ̀daràn sì wí pé ẹni tí ohun eléwu wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn wo ni ìṣọ́ra? Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọ̀nà ti ọdún 1980 dárúkọ ìwọ̀n: ẹni tí ó bá yìnbọn láìnídìí láàárín ẹsẹ̀ bàtà 50 sí àárín títì, tí ó sì wu èrò ọ̀nà léwu, ti rú òfin.

Àwa náà nílò ìwọ̀n tí ojú lè rí. A rọ Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó, tí ó fi Ọ̀kà ṣe ibùjókòó, àti àwọn olórí ọdẹ, kí wọ́n jùmọ̀ pinnu rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó tún dé. Ọdẹ tí ó pàdánù ọ̀yà lónìí lè rí òmíràn lọ́la. Ẹ̀mí ènìyàn kò ní ààrọ̀.