Kí Ni Wọ́n Kọ Sára Ọ̀rá Oògùn Yín?

Nọ́ọ̀sì yín ni o. Ọ̀rọ̀ oògùn ni mo gbé wá lónìí, ó sì kan èmi fúnra mi.

Lọ́jọ́ kan, mo kọ "1 tds pc" sára ọ̀rá oògùn ibuprofen fún màmá kan tí orúnkún ń dùn. Mo tún fẹnu sọ ọ́ pé, "Mẹ́ta lójúmọ́, mà." Èrò pọ̀ níta, mo pe ẹlòmíràn wọlé. Lọ́jọ́ kẹta ni ọmọ wọn gbé wọn padà wá, inú ń ta wọ́n bí ẹni jẹ ata. Àṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni màmá ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́nu láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó jẹun rárá. Ta ni ká bá wí? Èmi ni. Mẹ́ta lójúmọ́ ni mo wí, mẹ́ta lójúmọ́ náà ni wọ́n lò. Ohun tí ìbá gbà wọ́n sílẹ̀ wà lára ọ̀rá lóòótọ́, ṣùgbọ́n Látìn ni.

Látìn ni èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, òun ni àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù fi ń kọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, a há a sórí bí orin. "Tds" ni ter die sumendum: kí á lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. "Bd", bis die, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. "Od" jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, "nocte" jẹ́ alẹ́. "Ac" ni ante cibum, ṣáájú oúnjẹ. "Pc" ni post cibum, lẹ́yìn oúnjẹ.

"Prn" ló dùn mọ́ mi jù: pro re nata, ìyẹn ni pé nítorí ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Bí ìrora bá dé, ẹ lò ó. Bí kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀. (Ẹ ṣì bèèrè iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá lójúmọ́ o.) Mo mọ àwọn bàbá tó ń lo oògùn ara ríro lójoojúmọ́ bí ẹni lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, torí kò sẹ́ni tó túmọ̀ "prn" fún wọn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ó ń dín àkókò kù. Láàárín àwa òṣìṣẹ́, mi ò jà sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "od" yìí kan náà ni dókítà ojú fi ń pe ojú ọ̀tún, oculus dexter. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí aláìsàn ń gbé lọ sílé, kí ni Látìn ń wá níbẹ̀? Ní tèmi, mo ti jáwọ́. "Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ" ni mo ń kọ báyìí. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, mo ń ya oòrùn àti òṣùpá fún un.

Kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó fún yín lóògùn, ẹ ní kó kọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹni tó bá jágbe mọ́ yín, òun ni kò mọṣẹ́.

Orúnkún màmá ti fúyẹ́ o. Ṣùgbọ́n bí mo bá kí wọn lọ́jà, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì Mẹ́ta-Lójúmọ́."